Abẹ́rẹ́ Ọkùnrin Méjì

Ó ti pé ọdún márùn-ún tí Abdulganiyy, káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ní Ìgàndó, ti gbé Ìdíátù níyàwó, wọn ò tíì rí ọmọ bí. Ìyàwó ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tiẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Ni wọ́n bá ní kí ọkọ náà wá. Ọkọ dé ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ ọn lápá, ó sì gbé ike kékeré tí wọ́n fún un kalẹ̀ níwájú Dókítà Olúwatómisìn bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

"Ó kún dáadáa, Dókítà. Èmi kì í ṣe nǹkan ní àbọ̀."

Dókítà gbé ike náà sókè, ó wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé wá yìí?"

"Ìtọ̀ ni. Ṣebí ohun tẹ́ ẹ bèèrè nìyẹn?"

"Àtọ̀ la bèèrè."

"Itọ́? Ìyẹn ò le rárá. Ẹ bá mi wá ike míì kí n tutọ́ sí i."

"Ẹ má tutọ́ o! Kì í ṣe itọ́, kì í ṣe ìtọ̀. À-tọ̀."

"Ẹ má bínú, Dókítà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń la pákó ti ba etí mi jẹ́. Itọ́, ìtọ̀… èwo ló wá kù?"

"Èyí tó ń di ọmọ."

Abdulganiyy wo ike, ó wo ilẹ̀kùn, ó wá rọra ṣí fìlà, ó fi bo ìtọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Háà. Ìyẹn? Níbí? Lọ́sàn-án gangan?"

"A ní yàrá fún un. Ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú."

"Ta ló máa wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan, ẹ̀gbọ́n."

Ó ṣe é ṣá, pẹ̀lú ìtìjú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n pè é padà.

"Ẹ jókòó. Mo ti wo ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. A ò rí ẹyọ kan ṣoṣo tó lè di ọmọ nínú ẹ̀."

Abdulganiyy bú sẹ́rìn-ín. "Ti ẹlòmíì lẹ wò. Ẹ wo apá mi." Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́, iṣan ẹ̀ yọ gọngọ. "Ṣé ẹni tó ní irú apá yìí ni wọ́n ń sọ pé kò ní nǹkan?"

"Apá kì í bímọ, ẹ̀gbọ́n. Họ́mọ́ọ̀nù yín ló dàrú."

Abdulganiyy fò dìde. "Ọmọ nù? Dókítà, a ò tíì bí i, ó ti nù?"

"Họ́-mọ́ọ̀-nù! Ohun tí ara ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ ni, bí ẹni ránṣẹ́, kí ẹ̀yà ara kan lè mọ ohun tí òmíì fẹ́ kó ṣe."

"Àá, họ́mọ́ọ̀nù! Ẹ ò tètè sọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó jókòó padà, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Tèmi pọ̀ gan-an. Mo tún ń fi kún un ni."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Báwo lẹ ṣe ń fi kún un?"

"Abẹ́rẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní jíìmù ní Ìkòtún ló ń tà á. Họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin gidi. Ó ní ó máa ń sọ ọkùnrin kan di ọkùnrin méjì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbà á, látìgbà tá a ti ṣègbéyàwó. Mo ní bí mo bá di méjì, ọmọ á tètè yá."

Dókítà fọwọ́ bojú. "Ẹ̀gbọ́n, lábẹ́ ọpọlọ yín, nǹkan róbótó kan wà níbẹ̀ tó kéré bíi wóró ẹ̀wà. Òun lọ̀gá. Òun ló ń ránṣẹ́ sí kórópọ̀n pé kó ṣe họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, kó sì ṣe èyí tó ń di ọmọ. Bó bá ti rí i pé họ́mọ́ọ̀nù kún inú ẹ̀jẹ̀, ó máa dákẹ́ ni."

"Kí ló dé tó máa dákẹ́?"

"Ká ní ẹnì kan ń já bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti kàn tán sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ yín á tún máa kan òmíì?"

"Kí wọ́n kó o síbo? Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n máa gùn, wọ́n á sùn."

"Wọ́n ti sùn."

Abdulganiyy rọra wo ìsàlẹ̀ ara ẹ̀. "Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì."

"Wọ́n tiẹ̀ ti ń kéré," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo rò pé apá mi tó ń tóbi ló mú kí wọ́n máa kéré lójú mi ni."

Dókítà fẹ́ mú ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. "Ẹ má bínú, sà."

"Ẹ rẹ́rìn-ín jàre. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ká ní kì í ṣe èmi ni. Ṣé wọ́n lè jí?"

"Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jí. Ẹ máa dá abẹ́rẹ́ dúró, a ó sì máa ṣàyẹ̀wò yín. Ó lè gba oṣù púpọ̀, ó lè ju ọdún kan lọ. Bó bá pẹ́ jù, oògùn wà tá a lè fi ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Apá mi ńkọ́?"

"Ó máa fọn díẹ̀."

Abdulganiyy fọwọ́ pa apá náà bí ẹni ń sin àlejò sọ́nà. "Kó fọn. Òun kọ́ ló máa pè mí ní dádì."

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ti gbé irú họ́mọ́ọ̀nù yìí yẹ̀ wò, bóyá ọkùnrin lè máa fi fètò sọ́mọ bíbí."

"Fètò sí kí ni?"

"Ọmọ bíbí. Kí ìyàwó má baà lóyún."

Abdulganiyy dìde, ó jókòó, ó tún dìde. "Yéè! Dókítà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá Ìdíátù jà pé ó lọ fètò sọ́mọ bíbí lẹ́yìn mi! Mo tú báàgì ẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe ìyá ẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin yẹn búra títí, ó sunkún títí, mi ò gbà."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Ó wà níta níbẹ̀ yẹn. Òun ló sìn mí wá."

"Kí lẹ wá fẹ́ lọ sọ fún un?"

Abdulganiyy tú ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀, ó fà á wálẹ̀ títí ó fi bo apá méjèèjì, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Màá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà màá ní, 'Ìdíátù, ọwọ́ ti tẹ ẹni tó ń fètò sọ́mọ bíbí nínú ilé wa. Apá ẹ̀ tóbi. Orí ẹ̀ ló ṣófo.'"