Ìbọn Ọlọ́ta Kan àti Òrí Bàbá Ìyàwó Mi

Ọjọ́ kan wà láyé mi tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo ní láti yíjú sí ògiri kí àwọn èèyàn má baà máa bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Houston ló ti ṣẹlẹ̀, ní àwọn ọdún tí a ṣì ń ra káàdì kí a tó lè pe Nàìjíríà.

Kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ mọ̀ pé ìbọn ti fẹ́ pa mí rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Ìṣẹ́yìn, ṣakabùlà àbúrò bàbá mi bú mọ́ wa lójú nítorí pé ojú lásán ló fi wọn ẹ̀tù. Ó jó irun ojú mi lọ, etí òsì mi sì ń hó títí di òní. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, abẹ́ tábìlì ni ẹ ó ti bá mi.

Kí ló wá gbé irú mi dé ìdí ìbọn? Bàbá ìyàwó mi ni. Wọ́n wá kí wa nílé wa ní Alief, ní Houston níbẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n nílé, adìyẹ ilé ìtajà sì ti sú wọn. Wọ́n ní bí òwú ló ṣe ń rí lẹ́nu àwọn. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, ẹnu mi yọ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ kò ní padà sílé láìjẹ àgbọ̀nrín tí èmi fọwọ́ ara mi pa.”

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀. “Àna mi, mo ti gbọ́.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti lo káàdì kan tán láti fi ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ìlú.

Òyìnbó kan tí a jọ ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, Dale, ló ta ìbọn fún mi, ó sì ní kí n wá ṣọdẹ ní ilẹ̀ òun lẹ́yìn ìlú Spring. Ọta kan ṣoṣo ni ìbọn náà ń gbà. Bí o bá tàsé, o ní láti ṣí i, kí o yọ karawun ọta tó ti ṣófo, kí o ki òmíràn, àgbọ̀nrín wo ló sì fẹ́ dúró dè ọ́? Mo ra ọta ní ṣọ́ọ̀bù, mo yìn ín wò. Ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan lọ sósì, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀kẹta sọ̀ sí. Dale ní ìbọn yìí kì í jẹ oúnjẹ olóúnjẹ, àfi kí n máa se tirẹ̀ fún un. Ó yá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọta, òṣùwọ̀n kékeré, àti ìwé.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo ti pinnu. Nínú gáréèjì, nínú ooru Houston, mo wọ kóòtù òtútù, mo dé akoto alùpùpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀tù. Atẹ́gùn fáànù ń jó òṣùwọ̀n sókè sódò, mo pa fáànù. Òógùn mi kán sínú ẹ̀tù, mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi yọjú. “Bàbá Rófíà, ogun wo lẹ ń lọ?”

“Padà sẹ́yìn. Ẹ̀tù ni.”

“Kóòtù yẹn ló máa gbà yín?”

Karawun kan há sínú ẹ̀rọ, mo fà á títí apá fi ro mí. Ìwé ní kí n máa fi òróró díẹ̀ pa á lára, kí n sì nù ún kúrò lẹ́yìn náà. Òrí tí Bàbá gbé wá fún ìyàwó mi ló wà nítòsí. Mo fi pa á, ó sì yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba òrí gbọ́ ju ìwé lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù tí ìwé sọ, mo ń fi ẹ̀tù kún un bíńtín-bíńtín. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, mo ń lọ yìn ín wò ní pápá ìyìnbọn, mo ń bú ara mi délé. Nígbà tó yá, ihò mẹ́ta fara kan ara wọn lójú páálí, ẹyọ owó kan sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo lẹ páálí náà mọ́ fíríjì. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n páálí kì í sáré.”

Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá máa padà sílé la lọ ṣọdẹ. Ìyàwó mi ń kùn pé òrí òun ń dín kù, òun ò mọ ẹni tó ń fi para. Mo yára gbé páálí ọta lọ sínú mọ́tò. Ìbẹ̀rù Ìṣẹ́yìn ti sọ sí mi létí pé bí ọta bá há, ìbọn máa bú. Nítorí náà mo ti fi òrí pa gbogbo ọta tí mo tẹ̀ tán lára, mo pa ìdí wọn, níbi tí iná ti ń ràn, ní ìlọ́po méjì, mo sì dorí wọn kodò nínú páálí. Nínú mọ́tò, òtútù ń mú Bàbá. Mo tan híítà. Iwájú híítà ni páálí ọta wà.

A jókòó sínú ahéré pátákó Dale. Àgbọ̀nrín kan jáde. Mo ṣe Bísímílláhì, mo yìn ín. Ìbọn dún “ká.” Ó tán.

Ìwé ní bí ọta bá kọ̀, kí èèyàn má ṣí ìbọn kíá, nítorí ó lè pẹ́ kó tó bú. Mo ń dúró. Àgbọ̀nrín ń jẹko.

“Àna, ṣé ẹ ń bá a ṣe àdéhùn ni?”

“Bàbá, ìwé ní kí n dúró.”

“Ṣé àgbọ̀nrín náà ti ka ìwé ọ̀hún?”

Mo ki òmíràn. “Ká.” Mo tún dúró. Àgbọ̀nrín yún etí rẹ̀, ó tún sún mọ́ wa. Òmíràn. “Ká.” Bàbá mú ọta kan nínú páálí, wọ́n fi ìka ra ìdí rẹ̀, wọ́n gbé e sí imú.

“Òrí mi rèé,” wọ́n ní. “Òrí tí mo gbé fún ọmọ mi láti Ìṣẹ́yìn. Àna, ṣé awọ ọta gbẹ ni?”

Òrí ti yọ́, ó ti wọnú ìdí ọta, ó ti pa iná rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ahéré fi ń mì, ìgbà yẹn ni àgbọ̀nrín tó sá.

Bàbá padà sílé láìjẹ ẹ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo tẹ ọta mìíràn, mo nù wọ́n gbẹ, ọ̀kan péré sì tó láti pa àgbọ̀nrín. Mo ra káàdì, mo pe Bàbá. Wọ́n ní, “Àna, mo kí yín. Ṣé ara àgbọ̀nrín náà ń dán?”

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹ̀rù wúlò. Òun ló jẹ́ kí n ṣì ní ojú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni kó dúró sí, kó má wọ ilé ìdáná. Ní tìyàwó mi, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń tọ́jú òrí sí títí di òní. Bí mo bá sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ẹ̀rín máa ń gbọ̀n mí, n kì í sì í lè wo ojú ìyàwó mi.