Ìbò Tó Wó Fẹ́ǹsì Mi

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láyé mi: ọjọ́ tí ará àdúgbò fi ìbò wó fẹ́ǹsì mi, tó sì jẹ́ pé èmi alára ni mo kọ́ wọn.

Olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú ni mí. Mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ṣọ́ra fún olóṣèlú tó bá ní òun nìkan ni ẹnu aráàlú. Ṣùgbọ́n nígbà tó wù mí láti di alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ẹdẹ, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀. Baba Ráfíù ni alága nígbà náà, ìyàwó mi sì ni akọ̀wé. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ìní onílé kan láìkọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo ní irú òfin báyìí ló ń fa ọwọ́ aago wa sẹ́yìn. Ohun tí èrò bá ti fẹ́, kó di ṣíṣe lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìbò, mo wọlé. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà yí àdúgbò ká. Fìlà mi já bọ́ sí gọ́tà, mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ní ìpàdé mi àkọ́kọ́, Baba Ráfíù dìde jẹ́jẹ́. Ó ní fẹ́ǹsì mi ló ń mú kí gbogbo wa máa rìn yíká ká tó dé ọ̀nà Sẹ́kọ̀nà, ká kúkú la ọ̀nà gba inú rẹ̀. Ọwọ́ kún òkè. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé, pé ẹ̀fọ́ ìyàwó mi wà níbẹ̀.

"Alága," ni Baba Ráfíù wí, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, "ẹ ṣáà ti ní ká má gbọ́ tẹnu ẹnì kan mọ́."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ọwọ́ ìyàwó mi náà wà lókè.

"Ìyá Ṣọlá, ìwọ náà?"

"Èrò ti fẹ́ ẹ, Bàbá Ṣọlá. Ẹ dúró kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fẹ́ǹsì ti là. Àwọn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ gbabẹ̀ kọjá, wọ́n jẹ tẹ̀tẹ̀ tán pátá. Ní ìpàdé kejì, èmi fúnra mi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òfin àtijọ́ padà. Ìyá Ṣọlá ń kọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ti fi wá sílẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ojú fẹ́ǹsì tó là yẹn, tí a kò tíì dí, ni ará àdúgbò gbà wọlé wá jókòó tì mí. Mo ti mọ̀ pé kéèyàn pọ̀ kò ní ká má gbọ́ ti ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bíríkìlà bi mí láìpẹ́ yìí bóyá kí òun dí ojú ibẹ̀, mo ní rárá.

"Èrò ti fẹ́ ẹ," ni mo sọ fún un. Kò yé e. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.