Odò Ni Wọ́n Wí, Wọn Ò Wí Odó

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Tolórí tẹlẹ́mù, ẹ gbọ́! Òkè-Ẹrin, ẹ gbọ́! Àárín-Ọgbà, ẹ gbọ́! Ìsàlẹ̀-Àbàtà, ẹ̀yin lẹ máa ń rí omi kẹ́yìn, ẹ tètè gbọ́!

Ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí yín. Wọ́n ní àṣìṣe wà o! Àṣìṣe ńlá!

Wọ́n forí korí lórí odò Àṣàyè tó gba ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Akọ̀wé kọ àdéhùn, kò fàmì sí i. Akéde bá ka odò ní odó. Odó iyán! Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á fi abẹ́rẹ́ gúnyán!

Àdéhùn ní kó máa lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má dá a dúró. Wọ́n bá gbé odó Àwẹ̀ró oníyán sórí ọmọlàńkẹ́, odó kan ṣoṣo tó ní láyé! Àwẹ̀ró ń sáré tẹ̀lé e, orin lẹ́nu:

Odó mi ń lọ, kò dágbére,
Iṣu ti jiná, ibo la ó gún un sí?

Àdéhùn ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kó jìn. Agbẹ́dó bá gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ títí ìdí odó fi lu! Àdéhùn ní kí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi títí yóò fi dàgbà. Ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n wí o! Ìsàlẹ̀-Àbàtà ri ọmọ odó sómi, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wò ó bóyá ó ti ń dàgbà!

Odò gan-an ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kà á sí!

Ni Àwẹ̀ró bá gbé odó tó ti lu dé ìpàdé àwọn ọba. Ó ní, "Kábíyèsí, omi lẹ ní ẹ ó pín, iyán mi lẹ gbà. Ẹ yọjú wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!" Ọba Òkè-Ẹrin yọjú lápá kan, ọba Ìsàlẹ̀-Àbàtà yọjú lápá kejì, wọ́n bá rí ojú ara wọn nínú ihò odó! Àwọn tí kì í kí ara wọn! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí adé fi ṣí.

Àṣẹ tuntun wá nìyí o!

Èkínní: odò ni! Re-dò lohùn rẹ̀, kì í ṣe re-mí!

Èkejì: Òkè-Ẹrin, ẹ tú yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ fi dí i! Ẹ bomi rin ẹ̀fọ́ yín, kí ẹ jẹ́ kó kọjá! Ẹni tó bá tún dí i, ewúrẹ́ Ìsàlẹ̀-Àbàtà ni yóò kórè oko rẹ̀!

Ẹ̀kẹta: Àárín-Ọgbà, ẹ gbẹ́ kòtò fún omi aró yín, ẹ má dà á sódò mọ́! Ewúrẹ́ kì í ṣe àdìrẹ!

Ẹ̀kẹrin: Ìsàlẹ̀-Àbàtà, ẹ fa ọmọ odó yín jáde. Kò ní dàgbà! Kò ní dàgbà láéláé!

Ti Àwẹ̀ró ló kù. Odó tuntun ti délé rẹ̀. Ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra wọn ni yóò gún iyán àkọ́kọ́, ọmọ odó mẹ́ta nínú odó kan! Àwẹ̀ró ni yóò máa dárin. Ọba tó bá ṣáájú orin, ọba tó bá kọ lu ẹnì kejì, kò ní fẹnu kan ọbẹ̀!

Ohùn akéde dúró síbí o! Àwọn ọba ti ń ká apá aṣọ. Ẹ sáré wá wò wọ́n!