Baba Mákírò àti Sírínì Tí Kì í Purọ́

Ẹ bá mi kí Baba Mákírò. Ẹ kí i dáadáa, torí bí ẹ kò bá kí i, yóò kí ara ẹ̀. Níléeṣẹ́ wa tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi sí táǹkì, òun ni àgbà nínú àwa tí ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Láràárọ̀ ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí a lè mọ̀ pé ọgbọ́n ti dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìlà mẹ́wàá! Èmi, ẹyọ kan ni mò ń kọ."

Mákírò ló fi ń fọ́nnu, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a fi ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ gígùn. Àwa náà ń lò ó, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ní tiẹ̀, iyọ̀ ló ń sè, ó wá ń bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i.

Àmì kan wà nínú mákírò tó fi igi mẹ́rin dábùú ara wọn. Orúkọ tí o bá fi tẹ̀lé e, á gbé e jáde sójú sírínì, gíláàsì kọ̀ǹpútà tí à ń wò, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí o bá kọ àmì náà lẹ́ẹ̀mejì, á lẹ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di orúkọ kan ṣoṣo. Nítorí àmì yìí ni Baba Mákírò ṣe lẹ oríkì mọ́ ògiri lókè àga ẹ̀: "Ọkọ Àmì Onígi Mẹ́rin! A-lẹ-ọ̀rọ̀-pọ̀-má-lo-gọ́ọ̀mù! Ẹni tí kọ̀ǹpútà ń kí tọwọ́tẹsẹ̀!" Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́.

Ipò olórí wa ṣófo. Ìyá Ìbejì, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló tọ́ sí. Òun ló fi oṣù mẹ́rin gbáko kọ apá tó ń pa ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ bí táǹkì bá ti kún. Baba Mákírò dà á kọ sínú fáìlì tiẹ̀, ó lóun lòun ṣe é. Ìyá Ìbejì pariwo títí. Ta ni yóò gbọ́? Màmá Alága, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó ni iléeṣẹ́, ìyá ìyàwó Baba Mákírò ni.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àna náà ń dẹ́rù bà á, ó sì ń bí i nínú. Ibi tó ń tú ìbínú sí ni inú fáìlì kan tó tì pa. Á kọ "ikùn" síhìn-ín, á kọ "Màmá Alága" sọ́hùn-ún, á fi àmì ẹlẹ́ẹ̀mejì lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó di orúkọ ohun tó ń wọn omi. Lẹ́yìn náà ni yóò fi mákírò da ìnagijẹ mímọ́ bò ó: ipele omi. Ìnagijẹ là ń rí lójú sírínì, òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ han àwọn oníbàárà, Ìyá Ìbejì yọjú wo iṣẹ́ Baba Mákírò.

"Ẹ̀gbọ́n, mákírò tuntun yìí ńkọ́?"

"Ọ̀ṣọ́ ni. Mákírò tó gbé mákírò pọ̀n! Ẹnu á ya àwọn oníbàárà."

"Ẹ ṣọ́ra o. Tí orúkọ bá gba inú mákírò kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àmì onígi mẹ́rin, ìnagijẹ á bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Orúkọ gidi ló máa jáde."

"Èmi lo ń kọ́? Mo ti ń lo àmì yìí kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà!"

"Ẹ ṣáà kọ́kọ́ dán an wò, sà."

"Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ dá lójú kì í dán an wò."

Mo wà níbẹ̀. Wọ́n wí fún un, kò gbọ́.

Nínú ọgbà, àwọn oníbàárà jókòó sórí àga oníke, Màmá Alága wà níwájú. Baba Mákírò kẹ̀yìn sí sírínì ńlá, ó kọjú sí èrò.

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, sírínì mi kì í purọ́! Ohun tó wà nínú mi, àní nínú iṣẹ́ mi, gan-an ló ń sọ!"

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ bú ramúramù.

ikun_mama_alaga = 40

Kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣì í kà.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń kún!" ni Baba Mákírò wí, kò wẹ̀yìn.

ikun_mama_alaga = 75

"Ó ṣì ń gbà sí i! Èyí kì í yó bọ̀rọ̀!"

Ẹnì kan wúkọ́. Orúkọ kejì dé, ti ẹnu ọ̀nà omi: enu_mama_alaga = 1.

"Oókan yẹn, ó ti ṣí nìyẹn. Tó bá ti ṣí, ogun ni ká tó rí i pa dé!"

Orúkọ kẹta dé, ti táǹkì kejì: ori_onibaara = 0.

"Òfìfo pátápátá ni ìyẹn. Ẹ má fòyà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Oníbàárà kan tó wọ táì fọwọ́ kan orí ara ẹ̀. Mo ti jẹ ọwọ́ ẹ̀wù mi kí n má baà ké.

Omi pé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ pa ara ẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn yọ:

ise_ti_mo_ji_lowo_iya_ibeji = 1

"Èyí ni mo fi ń yangàn jù!" ni Baba Mákírò ké. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é!"

Ọgbà tú ká sínú ẹ̀rín. Ó rò pé wọ́n ń yìn ín ni, ó tẹ̀ríba lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó máa fi wẹ̀yìn, òógùn bò ó.

"Màmá, irọ́ ni! Ẹ̀rọ ń purọ́!"

"Ìwọ lo ní kì í purọ́."

Baba Mákírò na gbalaja sílẹ̀. Oníbàárà onítáì dìde: "Iṣẹ́ tí wọ́n jí yẹn dáa o. Òun gan-an ni mo fẹ́ rà. Ta ni Ìyá Ìbejì?"

Ìyá Ìbejì nawọ́ sókè níbi tó dúró sí lẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

"Olórí, ẹ máa bọ̀ níwájú," ni Màmá Alága wí fún un. Ó wá wo àna ẹ̀ nílẹ̀. "Dìde. Orúkọ mélòó ló wà nínú fáìlì yẹn?"

"Méjì… méjìdínlógójì, Mà."

"A ti rí mẹ́rin. Kọjú sí èrò, kí o ka ìyókù sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olórí á máa bá wa yí wọn padà."

Ó ṣí fáìlì. Ó wo orúkọ karùn-ún.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́… ẹ bá mi wá omi mu."

Màmá Alága gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ó wà níbí. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún. Kà á."