Àdúrà Tí Mo Gbà fún Onílé

Ọjọ́ kan jókòó sí mi lọ́kàn, kò sì dìde títí dòní. Ìgbà ọ̀dá owó ni, èyí tí gbogbo ìlú Douala, ní Kamẹrúùnù níbí, ń pè ní la crise. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní èbúté ń ta ilé, wọ́n ń padà sí abúlé. Ẹnu àwọn èèyàn wa lọ́jà ò kò: ẹnìkan á ní, "Ẹ rà á báyìí, owó ilé ti wálẹ̀," ẹlòmíì á ní, "Ẹ ní sùúrù, á tún wálẹ̀ sí i." Ní tèmi, yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ń jò sórí Kúbúrà ọmọ mi, ikọ́ ò sì jẹ́ kó sùn. Èwo ni tèmi nínú àríyànjiyàn? Ilé ni mo fẹ́.

A gbọ́ pé bàbá kan ń ta tiẹ̀ ní àdúgbò PK8. Kí a tó wọlé, ọkọ mi kìlọ̀ fún mi.

"Ìyá Kúbúrà, jọ̀ọ́, fajú ro. Ohun tó o bá ti yìn, á gbówó lórí."

"Bàbá Kúbúrà, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ọmọdé ni mí. Mo rí kànga lágbàlá, mo pariwo. Mo rí ilé ìdáná, mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá a mọ́ra. Ọkọ mi ń húkọ́ sí mi. Kúbúrà ti gun ẹsẹ̀ bàbá náà, ó ń fa irùngbọ̀n ẹ̀.

Síbẹ̀, bàbá dárúkọ iye tí apá wa ká. Ayọ̀ gbé mi lọ. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú òun àti ìyàwó ẹ̀, mo ṣe bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe nílé ẹni tó bá kọ́lé: mo gbàdúrà. Faransé tí mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fi gbà á, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu mi bí ilá.

"Papa, ẹ ò ní kọ́lé fún ẹlòmíì gbé! Àjèjì ò ní jẹ òógùn ojú yín! Inú ilé yìí lẹ ó dàgbà sí!"

"Àmín!" Ọkọ mi ló ń pariwo. Faransé tiẹ̀ ò kọjá iye owó bàtà tó ń tà. Ó rò pé mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín owó kù ni. "Àmín o!"

Omi lé ròrò sójú ìyàwó bàbá. Bàbá fúnra ẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò tà á mọ́."

Ọkọ mi wò mí. "Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò tà mọ́."

"Kí lo sọ fún un?"

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un, díẹ̀díẹ̀. Ó di orí mú. "Èmi náà sì ń ṣàmín! Obìnrin yìí, o lé wa jáde nílé tí a ò tíì wọ̀!"

Mo gbé ọmọ pọ̀n, ẹkún ń gbọ̀n mí. A ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyàwó bàbá tó sáré bá wa. Ó ní bí àwọn ò bá lọ sí abúlé mọ́, kí làwọn ó máa jẹ? Yàrá méjì wà lẹ́yìnkùlé, kò jò. Ṣé a lè háyà ẹ̀?

Ibẹ̀ la wà dòní. Kúbúrà ń sùn fọnfọn, ó sì ń pe bàbá onílé ní Papa ju bó ṣe ń pe bàbá ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bi mí bóyá àsìkò yìí dáa láti ra ilé, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ẹni tó fẹ́ ra ohun ọlọ́hun jẹ́ kí wọ́n gbowó tán, kó tó ṣàdúrà fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ilé kan wà fún títà lápá ibí. Ọkọ mi fẹ́ lọ wò ó. Ó ní kí n jókòó, kí n máa ṣọ́ ọbẹ̀. Mo wo ilé ìdáná: kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná. Ẹ̀rín pa mí. Mo jókòó.