Ọmọ Àyálò

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni, aṣọ tí wọn ò tíì wá gbà kún ara ògiri. Obìnrin télọ̀ náà ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, ni ọ̀gá iléèwé tó wà ní òdìkejì títì bá wọlé. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ọ̀GÁ: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa!

TÉLỌ̀: Màmá wo? Lóṣù tó kọjá tí mo mú ọmọ mi wá síléèwé yín, "ìwọ obìnrin yìí" lẹ pè mí. Ìgbà wo ni mo wá bí yín?

Ọ̀GÁ: Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn. Ọmọ wa ńkọ́?

TÉLỌ̀: Ó ti wá di ọmọ wa! "Ọmọ rẹ tí kò ríran" ló ń jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Kí ló dé?

Ọ̀GÁ: Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la. Ìjọba ní kí gbogbo iléèwé máa gba gbogbo ọmọ: èyí tí kò ríran, èyí tí kò gbọ́ràn, èyí tí ẹsẹ̀ ń dà láàmú. Mo sì ti kọ̀wé sí wọn pé a ti ń gbà wọ́n tipẹ́.

TÉLỌ̀: Mélòó lẹ ti gbà?

Ọ̀GÁ: Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa lọ́mọ yẹn. Ọjọ́ kan péré! Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó dá a padà bó ṣe wà.

Télọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

TÉLỌ̀: Mo ti rí ẹni tó yá aṣọ. Mo ti rí ẹni tó yá bàtà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa wá yá ọmọ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó mú un lọ ni?

Ọ̀GÁ: Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjókòó iwájú la máa fún un, kó lè rí pátákó dáadáa.

TÉLỌ̀: Kó lè rí kí ni?

Ọ̀GÁ: Kí... kí pátákó lè rí i.

Ó sáré yọ dígí dúdú kan látinú àpò.

Ọ̀GÁ: Kó wọ èyí. Ojú rẹ̀ mọ́ jù. Ẹni tó bá wò ó fìrí lè rò pé ó ríran, wọ́n á wá ní a fẹ́ lu jìbìtì.

TÉLỌ̀: Jìbìtì kẹ̀? Irú yín! Àwọn yòókù ńkọ́? Ta ni kò lè rìn?

Ọ̀GÁ: Mo ti bẹ ọmọ kan ní kíláàsì kẹfà, ó máa tiro. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́la.

TÉLỌ̀: Èyí tí kò gbọ́ràn?

Ọ̀GÁ: Ìyẹn ò le. Mo ti sọ fún ọ̀kan pé bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, kó má dáhùn.

TÉLỌ̀: Ṣé ó gbọ́?

Ọ̀GÁ: Ó gbọ́ dáadáa!

Télọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò jáde.

TÉLỌ̀: Ọ̀gá, ọmọ mi sunkún dé ilé lọ́jọ́ yẹn. Inú mi bàjẹ́. Ẹ̀yin lẹ sọ lójú rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọmọ tí kò rí pátákó.

Ọ̀GÁ: Òótọ́ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe.

TÉLỌ̀: Báwọn àlejò bá wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ọ̀GÁ: Mo ti rò ó! Ẹ ránṣẹ́ pè é, mo máa kọ́ ọ kílẹ̀ tó ṣú. Á ní ọdún mẹ́ta lòun ti wà lọ́dọ̀ wa. Á dárúkọ àwọn tíṣà, á ka ìsọdipúpọ̀ lórí, á kọrin iléèwé.

TÉLỌ̀: Gbogbo ìyẹn, lónìí? Ta ló máa kọ́ ọ?

Ọ̀GÁ: Èmi fúnra mi! Mo máa sọ ọ́, á wí i tẹ̀ lé mi. Mo máa mú un yí kíláàsì ká, kó fọwọ́ kan àga, kó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bí kò bá yé e, mo máa tún un sọ.

TÉLỌ̀: Láìsí pátákó?

Ọ̀GÁ: Kí la fẹ́ fi pátákó ṣe? Ṣebí ó létí! Ọmọ yẹn gbọ́n, mo ti rí i látọjọ́ tẹ́ ẹ mú un wá...

Ó ti gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ.

TÉLỌ̀: Ẹyin lọ̀rọ̀, ọ̀gá. Ó ti bọ́.

Ọ̀GÁ: Màmá, ọ̀rọ̀ ọ̀la nìkan là ń sọ o!

TÉLỌ̀: Ó máa wá lọ́la. Ó máa wá lọ́túnla. Ó máa wá títí á fi jáde ìwé mẹ́fà. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ yá ọmọ ẹlòmíì.

Ọ̀GÁ: Ta ló máa wá máa kọ́ ọ lójoojúmọ́?

TÉLỌ̀: Ẹni tó lè fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ọmọ ní irọ́ ọdún mẹ́ta, ṣé ìwé ló máa wá ṣòro fún un láti kọ́ ọ?