Kọ́kọ́rọ́ Mọ́kànlélógún Láńlọ́ọ̀dù Adéyanjú

Kí ẹ tó rí Láńlọ́ọ̀dù Adéyanjú, ẹ ó ti gbọ́ ìró rẹ̀. Kì í ṣe ohùn rẹ̀ o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni. Ṣaworo, ṣaworo, bí ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjánu tuntun sí lẹ́nu.

Mọ́kànlélógún ni wọ́n, gbogbo wọn lórí òrùka irin kan, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ sì wà láàárín wọn bí ọmọ tó sọnù sọ́jà. Adéyanjú, Ọkọ Ìlẹ̀kùn, Ẹni-ń-bọ̀-tí-ilé-ń-ṣí. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ oríkì náà sẹ́yìn káàdì tó ń pín káàkiri ìlú Àrándùn.

"Èyí, ilé alájà mẹ́ta ní Ìkòròdú," ló wí fún mi, ó na ọ̀kan sókè. "Èyí, Agége. Èyí..." Ó ronú díẹ̀. "Èyí, Abújá."

"Àdúgbò wo ní Abújá, sà?"

"Àárín ìlú."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kó ìròyìn ìlú jọ. Mo fi àmì ìbéèrè sí i.

Ìdí tí kọ́kọ́rọ́ fi ń dún kò pamọ́. Àrándùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ìlú tán, ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ló sì yí i ká. Ẹni tí ìgbìmọ̀ ìlú bá fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lé lọ́wọ́ ni yóò máa darí ohun gbogbo níbẹ̀. Oṣù kan gbáko ni Adéyanjú ti fi wà nílé láti Èkó, tó ń mi òrùka irin rẹ̀ létí àwọn àgbà. "Ẹni tó ní ìlẹ̀kùn kan, olè kan ló mọ̀," ni ó máa ń pa lówe. "Ẹni tó ní ogún ìlẹ̀kùn, ogún olè ló ti lé. Ṣé ẹni tí kò nílé lẹ fẹ́ gbé gbọ̀ngàn fún?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí.

Ìyá Inúmidùn, aránṣọ tó ti ń ránṣọ lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ọdún mẹ́fà, lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí òun fún ṣọ́ọ̀bù kan.

"Ṣọ́ọ̀bù ti tán, ìyàwó," ni ó fèsì. "Mo ti fi wọ́n pamọ́ fún àwọn èèyàn mi l'Ékòó."

Wọn ò tíì fún un ní kọ́kọ́rọ́ o.

Ní àárọ̀ Sátidé tí ìgbìmọ̀ fẹ́ dárúkọ olùtọ́jú, Adéyanjú gbé mọ́tò rẹ̀ dábùú ẹnu géètì gbọ̀ngàn, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé láìfi ara kan án. Láìpẹ́, ọkọ̀ tó kó àga dé. Kò rọ́nà wọlé.

"Adéyanjú, bá wa sún mọ́tò sẹ́yìn díẹ̀," ni Alhaji Salaudeen, alága ìgbìmọ̀, wí.

Adéyanjú wọ mọ́tò. Ṣaworo. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó yí i. Kò yí. Ó tún un yí títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Inúmidùn ké sí i láti abẹ́ tapólì rẹ̀ lódìkejì títì, "ẹ fi ti Abújá gbìyànjú."

"Ayé ni," ni Adéyanjú wí. "Wọ́n ti di mọ́tò mi."

"Ayé wo ló ń jí di mọ́tò láago mẹ́wàá àárọ̀?" ni Alhaji bi í. "Ẹ bá mi pe Fulera."

Ọmọ ìlú Ṣàárẹ́ ni Fulera, ọjà Ọ̀mù-Àrán ló ti ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kadà ló gbé e dé, àpótí irinṣẹ́ lórí itan. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wọ mọ́tò, ó ń mi sítíárìn sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́.

"Sítíárìn kò há, kì í ṣe òun ló di kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́," ni ó wí. Ó wá fọwọ́ gbé òrùka irin náà wò. "Bàbá, ẹrù yìí ti pọ̀ jù. Bó ṣe ń fì lójoojúmọ́ ló jẹ eyín kọ́kọ́rọ́ yín, tó sì jẹ inú ihò. Ẹ jẹ́ n yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sọ́tọ̀."

"Má tú u. Ẹyọ kan tó bá sọnù níbẹ̀, odindi ilé ló lọ."

"Màá tò wọ́n síwájú yín, bàbá. Ìkankan ò ní lọ."

Ó ń tò wọ́n sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀. Ó yí ọ̀kan padà, ó yí òmíràn, ojú rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀.

"Háà, ẹ̀yin mà ni, bàbá. Fìlà yín ni kò jẹ́ n tètè mọ̀ yín. Àwọn ẹyẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti lọ?"

"Ẹyẹ wo?" ni Alhaji béèrè.

Fulera kò mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ó ṣàlàyé bí oníṣòwò rere: "Kọ́kọ́rọ́ tí mo bá gẹ́ bàjẹ́, mo máa ń fi fáìlì irin fa ìlà méjì sí orí rẹ̀ kí n má baà ṣèèṣì tà á. Inú agolo ni mo ń kó wọn sí. Oṣù tó kọjá ni bàbá wá ra odindi agolo. Wọ́n ní àwọn fẹ́ so ó kọ́ sóko ìrẹsì, kí ìró rẹ̀ máa lé ẹyẹ."

Mo sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kà wọ́n. Mọ́kàndínlógún ló ní ìlà méjì lórí. Ọ̀kan jẹ́ ti mọ́tò. Èyí tó kù?

"Yàrá tí mo háyà ni," ni Láńlọ́ọ̀dù wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Alhaji mú ọ̀kan. "Èyí ńkọ́, Fulera? Ìkòròdú ni àbí Agége?"

"Rárá, sà. Ti ṣáláńgá ilé ẹ̀kọ́ kan ni. Iná lọ nígbà tí mo ń gẹ́ ẹ lọ́wọ́."

Ẹ̀rín tó bú, awakọ̀ tó kó àga wá ní láti pa ẹ́ńjìnnì kó tó lè rín in dáadáa.

Fulera ò dúró rẹ́rìn-ín. Ó fi fáìlì ra eyín kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó gba pẹ́ńsùlù akọ̀wé ìgbìmọ̀, ó fi dúdú inú rẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́ lára kó lè máa yọ̀, ó tì í bọ ihò, ó fà á sẹ́yìn níwọ̀n ìbú hóró ìrẹsì, ó yí i. Mọ́tò wúkọ́, ó dáhùn.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa gbé, bàbá. Kò fẹ́ àlejò."

Adéyanjú fi mọ́tò rìn sẹ́yìn bí Alhaji ṣe bẹ̀ ẹ́. Kò sì dúró mọ́. Ẹ̀yìn ló fi rìn títí ó fi bọ́ sójú títì Ọ̀mù-Àrán, kò yà gba ohun ìní rẹ̀ tó tú ká sílẹ̀.

"Ó dáa," ni Alhaji wí, ó nu omi ojú. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí nǹkan níbí?"

Ìyá Inúmidùn tú kókó etí ìró tó ró mọ́dìí. Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà níbẹ̀, ti àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Odindi ìgbìmọ̀ ré títì kọjá lọ wò ó. Mo tẹ̀lé wọn. Ó ṣí.

Òun ni gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí gbogbo ìlú ṣẹ́ kèké níta gbangba, kó má baà dà bíi pé òun fún ara òun. Ṣọ́ọ̀bù kẹfà ni kèké mú fún òun náà. Mo wà níbẹ̀, mo sì wo inú igbá tí kèké wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àhmádù, àgbẹ̀ ìrẹsì, ló tọrọ kọ́kọ́rọ́ mọ́kàndínlógún náà. Ó so wọ́n kọ́ sóko. Ọjọ́ kìíní, gbogbo ẹyẹ sá. Ọjọ́ kẹta tí mo lọ wò ó, orí kọ́kọ́rọ́ gan-an ni wọ́n bà lé, tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì.

Àwọn náà ti béèrè pé ilé wo ló ń ṣí.